Ẹ̀rọ Si Moncef

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lo bá wá, Naziha, gbé e mì." Lella Dalenda dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì yà fún un. "Lánàá, èmi ìyàwó wọn ni Si Moncef ń bi pé ta ni mí."

"Ẹ forí jì mí, mà. Ọ̀la ni ilé iṣẹ́ máa pa ẹ̀rọ wọn."

Obìnrin àgbà náà mí kanlẹ̀, ó sì yà fún un.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni Si Moncef, ọkọ rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan kalẹ̀ sí ilé iṣẹ́ òróró ólífì kan ní ìlú Sfax, ní Tùnísíà. Òun ló ṣe ètò tí gbogbo òṣìṣẹ́, láti oko títí dé èbúté, fi ń kọ̀wé síra wọn, tí wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan tì í pa, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ilé òun kò kúkú jìnnà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn á ránṣẹ́ pè é, á rọra rìn wá, á fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún, á sì tẹ ọ̀rọ̀ náà. Naziha tó jogún àga rẹ̀ kò béèrè ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà yóò mọ̀ ọ́n: bí ìgbà téèyàn ń bi baba rẹ̀ pé ọjọ́ wo ni yóò kú ni. Ibi tí wọ́n ti ń tijú ni àrùn ìgbàgbé ti mú bàbá náà.

Ọ̀gá tuntun wáá dé, ó ní ẹ̀rọ àyálò tó wà lókè òkun ni wọn yóò máa lò. Bí ètò àtijọ́ kò bá ṣeé ṣí kó tó di ọ̀la, gbogbo ìwé inú rẹ̀ gbé nìyẹn. "Sọ fún bàbá yẹn pé àtúnṣe lo fẹ́ ṣe," ló sọ fún Naziha. "Kò kúkú ní mọ ìyàtọ̀."

Si Moncef jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Naziha gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, tó ti so mọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, lé bàbá náà nítan, ojú bàbá náà sì là.

"Naziha. Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń wò ó yẹn. "A fẹ́ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ni, ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ pa á."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti gbó ni."

"Èmi náà ti gbó." Omi bọ́ lójú Si Moncef. Ó sunkún láìpariwo, bí ọmọ tí wọ́n ní kó dákẹ́, ó sì dun Naziha wọra. Nígbà tó yá, ó fi apá aṣọ nu ojú. "Yíjú sẹ́yìn."

Naziha yíjú sẹ́yìn. Ó gbọ́ bí ìka ṣe ń lu bọ́tìnnì, láìdúró, láìṣìṣe. Nígbà tó padà wò ó, ètò náà ti ṣí. Ó gbà á, ó yọ àgádágodo orí rẹ̀ kúrò pátápátá. Ohun tó bá wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì rí ayọ̀ kankan níbẹ̀.

Lella Dalenda gbé tíì wọlé, èso álímọ́ńdì léfòó lórí tíì náà. Si Moncef mu díẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀, ó wá wo Naziha bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Omijé kò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n, Naziha. O ò tiẹ̀ yà kí wa mọ́. Ẹ̀rọ wa ńkọ́?"

Naziha rọra pa kọ̀ǹpútà náà dé.

"Ó wà, ọ̀gá," ló wí. "Ó ní kí n kí yín."