Àre Inú Abọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí orúnkún kan orúnkún. Inú mi ń dùn bí mo ṣe rí yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ní Bosso, nígbà tí ológun ṣì ń ṣèjọba, Jàmílàt, ọmọ Ìlọrin, ń dín másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, tà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa. Ọmọ Ràhímátù, ará ilé wa, jẹ nínú rẹ̀, ni ìgbẹ́ gbuuru bá dá a dùbúlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Ràhímátù bọ́ sí títì, ó figbe ta: "Jàmílàt fún Mubashir mi ní májèlé jẹ o!" Bí másà ṣe kùtà nìyẹn. Mùstàphá tó fẹ́ fi Jàmílàt ṣaya gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn tí kò fẹnu kan másà rí. Àwọn elétò ìlera wá, wọ́n ní ṣáláńgá ló ń jò sínú kànga wa. Bàbá Àbdùlgàfárù, olórí agbo ilé, pe Jàmílàt sí yàrá: "Ọmọ mi, a dá ọ láre. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ó parí? Kò pẹ́ sígbà náà, bàbá tó bí Jàmílàt kú. Níbi fídáù, a ṣe àdúà, a ṣe àmín, ìrẹsì tí Jàmílàt sè dé. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹnìkan ní òun ti yó. Ràhímátù ní òun gbààwẹ̀.

Mo ní, "Haba, Ìyá Mubashir! Ààwẹ̀ wo? Ìwọ tí o jẹ obì góòrò lójú mi láàárọ̀!"

Jàmílàt gbé abọ́ rẹ̀ dúró láàárín wa, ó kọjú sí Bàbá Àbdùlgàfárù. "Bàbá, títì ni wọ́n ti dá mi lẹ́bi, inú yàrá lẹ ti dá mi láre. Ti ẹnu tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá dá mi láre, kó jẹun mi."

Mo bá dá orin:

"Àre ẹnu kì í yóni o,
Ẹ bu òkèlè kan.
Ẹni dá mi láre, á bá mi jẹ,
Ẹ bu òkèlè kan."

Bàbá Àbdùlgàfárù kọ́kọ́ bù. Ràhímátù náà bù, ó gbé e mì. "Jàmílàt, ó mà dùn o."

"Bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, Ìyá Mubashir."

Ni kálukú bá nawọ́. Mùstàphá wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó tó fẹ́ ní Chanchaga. Jàmílàt fúnra rẹ̀ ló bu ẹran kún ti ìyàwó náà.

A ha ìkòkò. Gbogbo wa yó kẹ́ri, a sì ń kọrin relé. Jàmílàt nìkan ni kò jẹ, kò sì sẹ́ni tó bu òkèlè kan fún un.