Fódà Tí Gbogbo Ọ́fíìsì Ń Rí

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà oníbàárà kankan nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwọ̀n ìpẹja ní ìlú Ålesund, nílẹ̀ Norway, ọ̀dọ̀ Gudveig ló ń lọ. Inú ímeèlì tirẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn wà: àwọn apẹja, àwọn tó ń sin ẹja, àwọn tó ń ta okùn, títí kan ọkùnrin ará ìlú Bodø kan tí kì í gbé fóònù àfi téèyàn bá pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á béèrè, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á bú òjò díẹ̀, wọ́n á lọ. Ọkọ Gudveig ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé Oslo. Ká má parọ́, àwọn abéèrè yìí nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi bàjẹ́ nígbà tí Oddvar, ọ̀gá wọn, ní kó kó gbogbo oníbàárà sínú fódà kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ọ́fíìsì á jọ máa lò. Oddvar ò gbèrò ibi. Ó ní bí Gudveig bá ṣàìsàn lọ́la ńkọ́?

Gudveig ṣe fódà náà, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó wá ku kó fún wọn láṣẹ. Kọ̀ǹpútà to oríṣi àṣẹ sílẹ̀ fún un: ẹni tó lè tún un ṣe, ẹni tó lè kà á lásán, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó máa rí i pé fódà wà, àmọ́ tí kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wo ti ìsàlẹ̀ yìí títí. Ó yàn án fún gbogbo wọn, ó lọ jẹun.

Nípàdé ọjọ́ Ajé, wọ́n kí i kú iṣẹ́. Gbogbo wọn ló rí fódà. Kò sẹ́ni tó sọ pé òfìfo ni tòun, torí kálukú rò pé kọ̀ǹpútà òun nìkan ló ń ṣe ségesège. Ló bá di pé wọ́n ń yọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Torunn, tó ń bójú tó ẹrù, kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Má sọ fún wọn o. Kọ̀ǹpútà mi ti darúgbó, kò fi nǹkan kan hàn mí."

Gudveig bá a kẹ́dùn, ó da kọfí fún un.

Bí wọ́n ṣe lo ìgbà òtútù yẹn tán nìyẹn. Àwọn abéèrè ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹni tó ní àṣírí kì í tètè dìde. Ojú ń ti Gudveig nígbà míì, àmọ́ ayọ̀ rẹ̀ ju ìtìjú lọ.

Oddvar náà ń wá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ife kalẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

"Mo mọ ohun tí o ṣe sí fódà yẹn, Gudveig."

Gudveig yíjú sí i. Ó béèrè ìgbà tó ti mọ̀.

"Láti ọjọ́ ìpàdé."

"Kí ló dé tí o ò wí?"

Oddvar ní Torunn ti ń béèrè kọ̀ǹpútà tuntun báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dàṣejù. Gudveig fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ní òun á ṣí i lójú ẹsẹ̀.

"Ṣí i fún àwọn yòókù," ni Oddvar wí. "Tèmi, jẹ́ kó wà bó ṣe wà."