Àlejò Ilé Ìdáná

Orúnkún Ọmọ́lẹ́wà ti kan táìlì tútù náà kó tó rántí pé òun kò bi Fádì bóyá wọ́n ń kúnlẹ̀ kí èèyàn nílé wọn.

Ó ti pẹ́ jù láti dìde. Ó di apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó mọ́ àyà, ó tẹrí ba, ó sì kí kíkí tó ti ń tún sọ lábẹ́ ahọ́n láti ilé wọn ní Ailegun títí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì ní Ìsọlọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ilé o."

Ìyá Fádì ló ń kí. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, ọmọ Lẹ́bánónì, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ó jókòó lórí àga aláwọ bí ẹni pé inú àga náà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde. Madam Sálùwà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni ilé-iṣẹ́ wọn wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búùtà oníke, kíkùn ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ń gba inú ilẹ̀ wá sí orúnkún Ọmọ́lẹ́wà, tó fi dà bí ẹni pé ilé náà ń gbọ̀n.

Fádì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló ní kó wá. Ó ní lónìí, tí ayé bá fẹ́ kó dàrú kó dàrú, òun á di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ìyá òun, òun á sì sọ pé, "Mama, ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí." Nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni Ọmọ́lẹ́wà kò ṣe rí oorun sùn.

Madam Sálùwà wo apẹ̀rẹ̀, ó wo orúnkún, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ pé ó dáa tó tiẹ̀ dé. Ó ní àná ló yẹ kí ejẹ́ńtì tó ń bá wọn wá ọmọ ọ̀dọ̀ ti mú un wá. Kó gbé èso yẹn lọ sílé ìdáná, Ìyá Salimat á fi ibi tí yóò máa sùn hàn án.

Ọmọ́lẹ́wà gbójú sókè sí Fádì. Fádì la ẹnu.

"Mama..."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó sì dúró. Ó kàn ń wò ó ni. Fádì pa ẹnu rẹ̀ dé, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo títì bí ẹni pé nǹkan kan ń jóná níbẹ̀.

Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá Ọmọ́lẹ́wà máa ń wí. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún un, bó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló dákẹ́. Ẹsẹ̀ Ọmọ́lẹ́wà ló ṣáájú ọkàn rẹ̀. Nílé wọn, ọmọbìnrin tó bá lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kì í jókòó ní pálọ̀ bí àlejò lásán. Ilé ìdáná ló ń gbà lọ, kí wọ́n lè rí i pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Nítorí náà ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó wọlé ìdáná. Ìgbà tó débẹ̀ ló tó yé e pé gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tóun ní, òun fi sọ ara òun di ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Ìyá Salimat, ọmọ Ọ̀ṣun tó ń dáná fún wọn, ń bó ááyù lọ́wọ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tún wò ó padà.

"Èékánná pupa, bàtà gogoro," ló wí. "Ṣé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ejẹ́ńtì ti jí ẹ gbé ni?"

Ọmọ́lẹ́wà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

Ìyá Salimat rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ó ń tù ú nínú. Ó ní Madam kò burú, owó oṣù kì í yẹ̀, kó ṣáà má jẹ́ kí kọfí tutù, kó má sì dárúkọ Zíyàdì, ẹ̀gbọ́n Fádì, láéláé. Zíyàdì mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan wálé, ó ní òun fẹ́ fi ṣaya. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi sọ ọ́ sínú bàálù. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ní Lẹ́bánónì. Fọ́tò ìgbéyàwó náà ló wà lára ògiri pálọ̀ yẹn.

"Ó wá ku Fádì," ló wí, ó ń gbọn èèpo ááyù kúrò lára. "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gbé òun náà lọ gbéyàwó. Èmi gan-an ni mo bá wọn di báàgì."

Abọ́ yọ̀ lọ́wọ́ Ọmọ́lẹ́wà. Kò fọ́. Inú omi ọṣẹ ló bọ́ sí, ó sì rì wọ́ọ́ lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì. Fádì kò sọ nǹkan kan fún un nípa ọjọ́ Ẹtì.

Ìfẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e wá síbẹ̀, iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Dókítà Olúsànyà, olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ló gbé àkòrí kan lé e lórí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: kó fi ìgbé ayé àwọn ará Lẹ́bánónì tó wà ní Èkó wé ti àwọn ẹ̀yà Ute ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni òkè àti àfonífojì kí òyìnbó tó dé. Báwo ni àlejò ṣe ń là nílẹ̀ onílẹ̀, tí onílẹ̀ sì ń tòṣì lórí ilẹ̀ ara rẹ̀? Ọmọ́lẹ́wà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́lé. Ó lọ dúró lẹ́nu géètì àwọn tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Kóráà, nítorí iyùn tí àwọn baba ńlá wọn ń kiri tà. Òjò dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde pẹ̀lú agbòjò, ó fi Yorùbá tó mọ́ gaara bi í bóyá iyùn ló fẹ́ rà ni tàbí búùtà. Báyìí ni àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ tó máa ń yá lọ́wọ́ Rodiat ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Apákùn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe ń parí náà ni tòun á ṣe parí.

Fádì sọ bí baba ńlá òun ṣe dé pẹ̀lú àpótí kan, tí ẹ̀gbọ́n fi ọjà sí àbúrò lọ́wọ́, tí ará fa ará wá, títí tí àpótí fi di ṣọ́ọ̀bù, tí ṣọ́ọ̀bù fi di ilé-iṣẹ́. Ní ti àwọn Ute, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Loretta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn tirẹ̀ kò ní ìlú mìíràn tí ará lè fi ọjà ránṣẹ́ sí wọn láti ibẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn ni ìjọba gé kù, tí wọ́n pín fún àgbẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Epo rọ̀bì wà lábẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù, owó ń ti ibẹ̀ wọlé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò níṣẹ́. Bàbá Ọmọ́lẹ́wà, olùkọ́ ọmọ Èkìtì, gbọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní onílé ń jẹ èso gbìngbìndò, àlejò ń bèèrè ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Loretta sọ tó wá ń dún létí rẹ̀ lórí omi ọṣẹ yìí. Ó ní kí wọ́n tó lè ka èèyàn mọ́ wọn, ó ní ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ Ute tó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ-ọmọ òun kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí àjèjì ni bàbá rẹ̀. Ojú òun ló gbé wáyé, ó ní, ẹnikẹ́ni kò sì lè kà á kún wọn. Ọmọ́lẹ́wà káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé tálákà tí wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí nìkan ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ báyẹn. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, wúrà ni wọ́n fi yí etí rẹ̀ po, síbẹ̀ àwọn tó ni ín náà ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀.

Fádì yọjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ mu omi. Ìyá Salimat ti lọ kó aṣọ lórí okùn.

"Ṣe sùúrù," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Jẹ́ kí ara Mama balẹ̀ ná."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ojú Fádì fò lọ síbi omi, ó fò lọ síbi ilẹ̀kùn. Ó ní kò tíì dájú. Ó ní òun ń wá bí òun ṣe máa yí i. Ó di ọwọ́ Ọmọ́lẹ́wà mú nínú ọṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù ju omi lọ.

"Fádì, sọ pé èmi nìyí. Ìyẹn nìkan. Tí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi pẹ̀lú orúkọ mi."

Ó mi orí pé ó dáa. Ó ní òun á sọ ọ́. Nígbà náà ni wọ́n pè é láti ìsàlẹ̀ pé ẹ̀rọ kejì ti dákẹ́, ó sì sáré lọ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí agogo fi dún ní pálọ̀. Ìyá Salimat wọlé, ó da kọfí dúdú sínú ife kékeré, ó gbé ife kejì tì í nítorí Fádì, ó sì ní Madam ní kí ọmọ tuntun gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà gbé tíréè náà. Ife méjèèjì ń lu ara wọn ní gbogbo ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹ̀rù tó ń bà á han gbogbo ilé. Ó gbé e sílẹ̀, ó fẹ́ yí padà.

"Jókòó."

Yorùbá ni. Ọmọ́lẹ́wà ń rọra lọ sílẹ̀.

"Orí àga. Ta ló ní kóo jókòó sílẹ̀?"

Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, irú èyí tí Ọmọ́lẹ́wà ń gbọ́ lẹ́nu ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ó jókòó sétí àga.

"Gbági ni wọ́n bí mi sí," ni Madam Sálùwà wí. "Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá síbi iṣẹ́. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tóo ti wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà..."

"Má bẹ̀ mí. O ò ṣẹ̀ mí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwò ó. Ó ní ní Gbági, àwọn ọmọdé máa ń sáré tẹ̀ lé òun, wọ́n á máa kọrin òyìnbó, bẹ́ẹ̀ òun kò mọ ìlú mìíràn. Ìgbà tí wọ́n mú òun lọ sílé ọkọ ní Lẹ́bánónì, ará Áfíríkà ni wọ́n ń pe òun níbẹ̀, wọ́n ń fi bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Ogun lé wọn padà wá sí Èkó. Nínú ilé yìí, lórí ẹ̀rọ tó ń kùn yìí, òun kò tíì sùn dọ́kàn rí kí òun má rò pé lọ́la wọ́n lè ní ó yá, ẹ máa lọ.

Nígbà náà ló wò ó.

"Ọmọ tí ìwọ àti Fádì bá bí, ibo ni wọn ò ti ní pè é lálejò?"

Ọmọ́lẹ́wà wá ìdáhùn. Ó wá a dé Ìsọlọ̀, ó wá a dé Ailegun, ó wá a dé abúlé bàbá rẹ̀ ní Èkìtì.

"Mi ò mọ̀, mà."

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Ẹsẹ̀ Fádì dún lórí àtẹ̀gùn. Ó wọlé, gíríìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Ọmọ́lẹ́wà lórí àga, ó rí ìyá rẹ̀, ó dúró. Madam Sálùwà tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, ó di apá àga mú. Ó sì tún fi Yorùbá bi í léèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Fádì, ta lọmọ yìí?"

Ó dúró dè é. Ọmọ́lẹ́wà náà dúró. Ó rí i pé ojú obìnrin náà kò le. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ó wá yé Ọmọ́lẹ́wà pé láti òwúrọ̀, ìdáhùn kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń retí.

Fádì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ̀rọ kejì ti ń ṣiṣẹ́, Mama."

Ẹ̀yìn Madam Sálùwà rọra padà kan àga. Kò jọ ẹni tó borí. Ọmọ́lẹ́wà dìde, ó ń wá ọ̀nà ibi tó bọ́ bàtà sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tín-ín-rín kan mú un lọ́rùn ọwọ́. Obìnrin náà ti ife tó jẹ́ ti Fádì síwájú rẹ̀.

"Mu kọfí rẹ kóo tó máa lọ."

Ó jókòó, ó mu ún. Ó korò, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n Ọmọ́lẹ́wà kò kánjú. Fádì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ tí kò ní mọ́. Nígbà tí kọfí tán nínú ife, Ọmọ́lẹ́wà gbé e sílẹ̀ lórí tíréè, kò sì dún. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ẹ̀rù kò ba òun mọ́. Ó gbójú sókè wo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, tó ń wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìṣẹ́jú, ó sì rí ibi tí ẹ̀rù náà lọ.