Ibi tí Òòfà Ti Já Bọ́

Òòfà náà já bọ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Bàbá mú un nílẹ̀, ó tún aṣọ fẹ́lẹ́ tó fi wé e ṣe kí ó má baà họ ọ̀dà, ó sì dá a padà síbi tó ti bọ́. Ó tún já bọ́.

Ó ti fi òòfà yẹn yí ọkọ̀ náà ká láti imú dé ìdí. Gbogbo ibi tó gbé e lé ló lẹ̀ mọ́, àfi ibẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà pupa dídán yẹn kì í ṣe irin.

Ó fi èékánná kan ibẹ̀; kò dún bí irin.

Ọkọ̀ eré àtijọ́ ni, oníjòókòó méjì, aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wà á kí wọ́n tó bímọ. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú, ọkọ̀ náà kò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Lónìí ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo fẹ́ wà á lọ sí ìlú tó ti ríṣẹ́, lójú ọ̀nà gígùn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó mú sukurudíráfà, ó fi ẹnu rẹ̀ ti ibẹ̀. Kò fi agbára sí i. Ó wọlé títí dé èèkù. Nígbà tó fà á yọ, ìpáàrà dà sí i látẹ́lẹwọ́ bí ìyẹ̀fun, òun àti èérún pọ́tì funfun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀.

“Bàámi, ṣé ó ti yá?” Ọmọbìnrin náà ti jáde pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀.

“Ṣe sùúrù ná.”

“Ẹ ti ń wí bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yìí. Ó lera jù mí lọ.”

Kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kò sí nǹkan, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni. Kò sí nǹkan, ẹ máa jẹun yín. Títí di ọjọ́ tí dókítà tẹ̀ ẹ́ níkùn, tó wá ní wọn ì bá ti tètè wá.

Bàbá ti jáàkì sábẹ́ imú ọkọ̀, ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní òrùlé irin, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti jẹrà, ọkọ̀ á ká láàárín bí ìwé. Àlàfo náà ń fún lókè. Nígbà tí táyà fi kúrò nílẹ̀, kò gba èékánná mọ́.

“Ẹ jẹ́ n mú báàgì mi nínú ọkọ̀.” Ọmọbìnrin náà fa ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó tún fà á.

“Fi í sílẹ̀.”

“Ṣé ó há ni?”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀.”

Bàbá ti rí ọ̀nà gígùn náà lọ́kàn: kòtò kan ṣoṣo, ọkọ̀ ká, ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kọ̀ kò ṣí.

“Ta ló di pọ́tì síbí yìí? Èmi kọ́.”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ọ̀gá Kíákíá ni.”

Ọ̀gá Kíákíá ẹ̀yìnkùlé, tó máa ń gba ọkọ̀ láàárọ̀, tí á sì dá a padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

“Ìyá rẹ wa ọkọ̀ kọjá níwájú mi, ó gbé e lọ fún ìyẹn?”

“Èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín.”

“Kí ló fà á?”

“Ẹ ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín ládùúgbò ni?”

“Kí ni wọ́n ń pè mí?”

“Ó-Ti-Tán.” Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó kú síbẹ̀. “Bí èèyàn bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ní ó ti tán. Màámi ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.”

Bàbá kọjú sí ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kí ọkàn òun má baà dàrú ni ìyàwó òun ṣe fi àìsàn pa mọ́. Ó wá mọ̀ báyìí pé ẹnu òun ló sá fún.

“Ṣé ó ti tán, Bàámi?”

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

“N kò tíì mọ̀. Àfi ká là á. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

Bàbá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi òpó irin kúkúrú gbé e ní abẹ́ ibi tó lágbára, ó sì jó ọ̀pá irin kan mọ́ ọn láti inú, láti iwájú ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ara ọkọ̀ má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó la irin. Inú rẹ̀ burú. Ní iwájú, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ di ajẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń há a lọ sẹ́yìn, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì ń dán. Ó gé gbogbo èyí tó jẹrà dànù, ó gé irin tuntun, ó ń jó o mọ́ ọn, níhìn-ín díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, kí iná má baà ká a.

“Ti ilẹ̀kùn wò.”

Nígbàkúùgbà tí ọmọ náà bá tì í, Bàbá á fi èékánná wo àlàfo náà. Ilẹ̀kùn náà ń padé.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀. “O ò lè lọ lónìí,” ni Bàbá wí. “Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì kù.”

“Mo mọ̀.” Ó ti jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ wọnú.

“Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹ...” Ó wo irin tuntun náà, tó ṣì ń gbóná. “Bàámi, mi ò kì í sùn mọ́. Láti ìgbà tí Màámi ti kú. Oorun máa ń gbé mi lọ bí mo bá ń wa ọkọ̀ tí mo yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ariwo fèrè ọkọ̀ kan ló jí mi.”

Ẹ̀rù tó ba Bàbá láàárọ̀ kò tó èyí. Ó ní ohun púpọ̀ láti sọ, gbogbo rẹ̀ ló sì le. Ó bọ́ awò dúdú kúrò lójú. Ó pa ẹ̀rọ tó fi ń jó irin, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn ọmọ náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Máa wí,” ló sọ. “Mò ń gbọ́.”