Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ọkọ̀

Yésúfù tó ń kun bọ̀lẹ̀kájà ní Bẹẹrẹ kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì níṣẹ́ kan náà. Bí wọ́n bá kun ọkọ̀ tán, ẹni tó kùn ún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

"Ẹ má kọ Yésúfù o! Ṣé èmi ni mo kùn ún ni?"

Bàbá kú, wọ́n ń tẹ̀ lé àṣà náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1958, bọ̀lẹ̀kájà mẹ́wàá á gba ìdí Mápó kọjá, mẹ́sàn-án á gbé orúkọ Sàídì dání. Sàídì, àbúrò! Owú ń jẹ Fàsásì ẹ̀gbọ́n bí ikán ti ń jẹ igi. Ọwọ́ bàbá kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ ni? Àwọn onímọ́tò ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Sàídì" ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Sàídì kun kìnnìún sára ọkọ̀ kan, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Kò tíì dé Ọjà'ba tí Fàsásì fi ọ̀dà pa SÀÍDÌ rẹ́, tó kọ FÀSÁSÌ gàdàgbà lé e.

Ìgbà tí onímọ́tò dé, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Sàídì, kìnnìún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ramúramù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àbúrò yín: ta ni Fàsásì, ọmọ tó ń fi ọkọ̀ mi kọ́ ìwé kíkọ?"