Egungun Ìhà Jésùtófúnmi

Ká ní wọ́n bú Nùrẹ́nì ni, ì bá gbà. Ẹni tó ti ń ṣe àga onífóòmù ní Ìkọ̀tún láti bí ọdún méjìdínlógún, tí oríṣiríṣi oníbàárà ti jágbe mọ́, etí ẹ̀ á ti di sí èébú. Ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù òróró! Ẹ̀yin èèyàn, gálọ́ọ̀nù òróró ni wọ́n lọ rà! Ohun tó fẹ́ẹ̀ ya ọkùnrin náà ní wèrè nìyẹn, ó sì yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe débẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kan wà ní Ìgandò, bí ogójì èèyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní adágún ìwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Mọ́ńdè Àjíǹde, wọ́n máa ń kó ara wọn lọ sí etíkun tọmọtọmọ, wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á jẹ ẹran sísun. Nùrẹ́nì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà nínú wọn. Iṣẹ́ àga ló gbé e dé iléeṣẹ́ ńlá kan lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wọn, òṣìṣẹ́ àti àlejò, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí èémí ẹ̀ ti dúró. Ọgbọ̀n ìgbà láàárín àyà, kíákíá, lágbára, lẹ́yìn náà kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, láìdúró, títí onítọ̀hún á fi mí tàbí tí dókítà á fi dé.

Nùrẹ́nì délé, kò sinmi. Ó gé fóòmù, ó fi awọ àga rán ọmọlangidi kan tó tó èèyàn. Fóòmù tó le ló wá, èyí tó jẹ́ pé àfi kéèyàn fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé, bí àyà ṣe rí gan-an. Ó gbé e lọ fún ẹgbẹ́. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, wákàtí kan péré. Ó ní kí Mọ́ńdè Àjíǹde tó dé, kí èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n wo ọmọlangidi náà bí ẹni wo òkú.

"Nùrẹ́nì, gbé nǹkan yìí kúrò níwájú wa," Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ wí. Òun ni alága ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. "Ìgbádùn la bá wá síbí. Ta ló sọ fún ẹ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kú?"

"Alága, mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kú. Mo ní tó bá lọ ṣẹlẹ̀ pé..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Wọ́n gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "A ò ní rí i!" "Àmín!" Ìpàdé parí.

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún odidi oṣù mẹ́ta. Bó bá ti la ẹnu, wọ́n á ṣe àmín. Henry, géńdé kan tó ń ta fóònù ní Ẹ̀gbẹ́dá, tiẹ̀ sọ ọmọlangidi náà lórúkọ, ó pè é ní Olóògbé. "Olóògbé ńkọ́ o? Ṣé wọ́n jí dáadáa?" Bó ṣe ń kí Nùrẹ́nì nìyẹn, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Gbogbo wa la mọ omi jàre." Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣé ẹni tí kò sún mọ́ omi ni omi ń gbé ni? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Omi fẹ́ẹ̀ gbé Jésùtófúnmi lọ ní Sátidé kejì nínú oṣù Kẹta. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó o nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ń díje ta ló lè pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ọmọbìnrin yìí mí gùlegùle nígbà mélòó kan, ó rì wọlé. Àwọn tó kù ń kà á sókè: ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta. Nígbà tí wọ́n fi ka àádọ́rùn-ún, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa. Nùrẹ́nì wò ó, ó rí i pé irun orí ẹ̀ nìkan ló ń mì. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó bẹ́ sómi taṣọtaṣọ.

Ó gbé e jáde. Ètè ọmọ ti dúdú, kò mí. "Ẹ lọ wá ọkọ̀!" ni Nùrẹ́nì pariwo. Kó tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán, Henry ti gbá ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó ń fà á sókè, ó ní kí wọ́n dorí ẹ̀ kodò kí omi lè dà jáde. Ẹnì kan ń tẹ ikùn. Ìyá ọmọ, Mọ́mì Tófúnmi, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn látàárọ̀, sáré dé tòun ti ìgò òróró àdúrà, ó fẹ́ dà á sí ọmọ lẹ́nu. Òróró! Sẹ́nu ẹni tí kò mí! Nùrẹ́nì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ìgò náà dànù, ó ti Henry sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ èémí sí ọmọ lẹ́nu, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà.

"Ó ń pa ọmọ mi o! Ẹ gbà mí!" Ìyá ń fa ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ látẹ̀yìn títí ó fi ya. Nùrẹ́nì ń kà. Nígbà tó ka mọ́kànlá, nǹkan ró kọ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, wọ́n figbe ta. Ẹ̀rù ba òun náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé egungun tó ṣẹ́ á jiná. Ó ń kà á lọ. Ó fẹ́ èémí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ka ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá ti he ìgò ẹ̀, ó fi ìyókù òróró inú ẹ̀ ra ọmọ níwájú orí. Àsìkò yẹn gan-an ni Jésùtófúnmi wúkọ́, ó bì, ó mí.

"Òróró ti ṣiṣẹ́!" Henry ló kọ́kọ́ pariwo.

Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, ó lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Nùrẹ́nì ń ṣe alihamudulilahi. Ó rò nínú ara ẹ̀ pé bí wọn ò gbọ́ tẹnu òun, wọ́n ti fojú ara wọn rí i. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tẹ́ ọmọlangidi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó jókòó tì í. Ó jókòó títí oòrùn fi mú. Ẹyọ ẹnì kan ò wá.

Ẹ̀sùn ló wá. Wọ́n ní ó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ légungun ìhà. Wọ́n ní ó fẹnu ko ọmọ ẹlòmíràn lẹ́nu ní gbangba, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé etí Fàthíà ìyàwó ẹ̀ kó tó délé. Wọ́n ní ó gbá òróró àdúrà dànù nítorí pé kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Èyí ò tiẹ̀ tíì pẹ́!

Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ etíkun, Alága dìde nípàdé, ó na ọwọ́ sí gálọ́ọ̀nù ńlá kan nílẹ̀. "A ti fojú rí agbára Ọlọ́run," ló wí. "Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti ra òróró. Wọ́n ti gbàdúrà sí i. A ó máa gbé e dání tá a bá ń lọ etíkun. Ọkàn yín balẹ̀ báyìí, àbí?"

"Alága!" Nùrẹ́nì fò dìde. "Ogójì èèyàn! Tọmọtọmọ! Ẹ ẹ́ wá bu òróró sẹ́nu ẹni tómi ti mu yó?"

"Nùrẹ́nì, fara balẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa kọ́ lo máa bú."

Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé ó bú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ni? Ó gbé ọmọlangidi ẹ̀ léjìká, ó lọ sílé. Ó bínú débi tó fi gbá ìṣó mọ́ ara àtàǹpàkò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ìdúpẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́mì Tófúnmi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Nùrẹ́nì ò fẹ́ lọ. Jésùtófúnmi fúnra ẹ̀ ló pè é lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá nìkan dìde." Ó lọ, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìyá jẹ́rìí, ó sọ̀rọ̀ òróró títí, ìjọ ń ké halelúyà. Nígbà tó kan egungun ìhà, ó ní, "Ọ̀tá fẹ́ fi pa ọmọ mi, Ọlọ́run ò gbà!" Nùrẹ́nì tẹrí ba. Ṣé òun ni ọ̀tá náà?

Ọmọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú, torí bó bá mí kanlẹ̀, ó ṣì ń dùn ún.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló wí. "Mọ́mì mi, ẹ má bínú. Ẹ ní òróró ló jí mi. Ẹ tún ní Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì ló ṣẹ́ mi légungun. Mo bi dókítà. Dókítà ní ohun tó ṣẹ́ egungun yẹn náà ló jí mi. Òróró kì í ṣẹ́ egungun. Ọwọ́ ni. Ọlọ́run tá a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló rán ọwọ́ náà, ọwọ́ yẹn ti kọ́ iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ó wo ibi tí àwọn ẹgbẹ́ jókòó sí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ etíkun, ta ló máa ṣẹ́ tiyín?"

Kò sẹ́ni tó ṣe halelúyà. Henry ń wo bàtà ẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Nùrẹ́nì tún tẹ́ ọmọlangidi sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé gbogbo wọn wá? Méje! Nínú ogójì èèyàn, méje péré, Henry wà nínú wọn, kò pe ẹnikẹ́ni ní Olóògbé. Alága ò wá. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹran sísun. Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí Nùrẹ́nì. Àfi bí ẹnì kẹjọ ṣe wọlé, tó bọ́ sálúbàtà, tó ṣán ìró mọ́dìí le.

Mọ́mì Tófúnmi ni.

"Mi ò mọ omi o," ló wí, kò wo ojú ẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní yéé wọ omi. Kọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ ti ọmọlangidi. Nùrẹ́nì bá a to ọwọ́ lé ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lára.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ lágbára, Mà."

"Kò ní ṣẹ́?"

"Ó lè ṣẹ́, Mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóòmù wọlé. Ó ń kà á sókè, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó dúró. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí àyà ọmọlangidi.

"Nùrẹ́nì. Ká ní mo rí ẹ fà kúrò lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá, Nùrẹ́nì ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún obìnrin yìí sínú, ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ kíkan. Ó gbé gbogbo ẹ̀ tì, ó tún ọwọ́ obìnrin náà tò dáadáa.

"Mọ́kànlá lẹ kà dé, Mà," ló wí. "Ẹ má dúró. Ẹ máa kà á lọ."