Èèkù Idẹ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ idà kan wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

“Ẹ wò ó dáadáa, bàbá alágbẹ̀dẹ,” ni Lambert wí, ó gbé idà ilé wọn lé Fálúyì lẹ́sẹ̀. “Ṣé èèkù igi yìí ni ti àwọn bàbá wa? Idẹ ni mo bá níbẹ̀ nígbà èwe mi!”

Láti Pobè ni wọ́n ti pe Fálúyì wá sí Sakété. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò gbé idà náà fún olórí ẹbí tuntun, ó sì ti pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi wé e kẹ́yìn. Mọ́rìnọ́lá, opó ẹ̀gbọ́n Lambert, ló ń tọ́jú idà náà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní ó ti ta èèkù idẹ náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Aguidi. Ó tilẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀.

“Ọkọ mi,” ni Mọ́rìnọ́lá wí, “bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. N ò tú aṣọ ara rẹ̀ rí.”

“Ọkọ rèé! Ẹ má ta èmi náà o,” ni Lambert dá a lóhùn.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fálúyì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òòlù kékeré lu ìṣó jáde, ó fa èèkù igi náà yọ. Irin idà ti gbó, ó ti dúdú, ṣùgbọ́n igi náà kò tíì mu òógùn ọwọ́. Wáyà bàbà tí wọ́n fi dè é yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fi ìdí rẹ̀ há apá òsì.

Fálúyì tún wáyà náà wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń de wáyà báyìí: Fáṣínà, bàbá rẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì. Ogún ọdún rèé tó ti kú, títí dòní sì ni wọ́n ń tìtorí orúkọ rẹ̀ gbé irin wá sọ́dọ̀ ọmọ.

“Ẹ sọ̀rọ̀ o,” ni Lambert wí.

Ọ̀bẹ tí Fálúyì fi ń gé ẹyìn wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Èèkù idẹ ló ní. Ihò kan tí kò wúlò wà lára idẹ náà, kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí. Bí kò bá ṣí àpò yìí, ta ni yóò mọ̀?

Ó wo Mọ́rìnọ́lá. Obìnrin náà ń wo ẹrù rẹ̀.

Fálúyì mú ọ̀bẹ jáde, ó lu idẹ náà yọ, ó fi í bọ irin idà. Ihò bá ihò. Kò mì.

“Bàbá mi ni wọ́n ní kó tún idà yìí ṣe,” ó wí. “Kò dá èèkù idẹ rẹ̀ padà. Ìyá yìí ò mọ nǹkan kan.”

Fálúyì fi ewé wé ọ̀bẹ tí kò ní èèkù mọ́, ó dìde.

Huguette, aya Lambert, tó bá Mọ́rìnọ́lá tú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló sọ ọ́ fún mi.